Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọbìnrin Wa Sáré

Ní ilẹ̀ Èkìtì, kò sí ohun tí bàbá àti ìyá fi ń yangàn bí ìwé tí ọmọ wọn kà. Àgbẹ̀ tí kò ní ju oko kòkó kan ṣoṣo lọ a fi owó rẹ̀ rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé, a sì máa jẹ ẹ̀bà láìlẹ́ran títí ọmọ yóò fi jáde. Ìwà rere ni èyí, a kò sì ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lé e lórí. Ṣùgbọ́n àṣà kan ń tẹ̀lé e tí a fẹ́ bá ẹ̀yin ará Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìdó àti gbogbo Òmù sọ̀rọ̀ lé lórí. Bí ọmọ wa, pàápàá ọmọbìnrin, bá ní ẹsẹ̀ tí ó yá ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ojú ẹni tí ń fi àkókò ṣòfò ni a fi ń wò ó. A bẹ̀ yín, ẹ gbọ́ ìtàn ọmọ kan kí ẹ tó pe tiyín kúrò ní pápá.

Tóbi Amúsàn ni orúkọ ọmọ náà. Ìjẹ̀bú-Òde ni a ti bí i ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún 1997. Olùkọ́ ni bàbá rẹ̀, olùkọ́ sì ni ìyá rẹ̀. Ta ni kò mọ irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Èkìtì? Òun fúnra rẹ̀ ti sọ fún àwọn oníròyìn pé bàbá òun kò fẹ́ eré sísá rárá, ìwé nìkan ni ó fẹ́. Ìyá rẹ̀ ni ó rí ohun tí ó wà lára ọmọ, tí ó ń bò ó láṣìírí, tí ó ń sọ pé ọmọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí ó wà ní pápá. A kò sọ èyí láti kọ́ àwọn aya ní irọ́ pípa. Ohun tí a ń sọ ni pé kò yẹ kí ìyá kankan ní láti pa irọ́ kí ẹ̀bùn ọmọ rẹ̀ má baà kú.

Eré tí Tóbi yàn kì í ṣe eré gbọọrọ lásán. Ọ̀nà 100 mítà ni, igi ìdènà 10 sì dúró lórí rẹ̀, gíga ọ̀kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 84. Láti igi kan dé èkejì jẹ́ mítà 8 àti ààbọ̀, ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré ni eléré sì gbọ́dọ̀ fi là á kọjá. Ẹ̀yin àgbẹ̀ tí òjò ti lé gba orí ebè iṣu kọjá rí mọ̀ pé agbára nìkan kò tó fún irú eré bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ìwọ̀n ẹsẹ̀ ara rẹ̀ yóò ṣubú.

Ní ọdún 2015 ó gba wúrà ní ìdíje gbogbo Áfíríkà ní Brazzaville. Lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ yìí kan náà tí wọ́n ní yóò ba ìwé rẹ̀ jẹ́ ni ó gbé e wọ Yunifásítì Texas ní El Paso, ní Amẹ́ríkà. Lacena Golding-Clarke, ọmọ Jàmáíkà tí òun náà ti fo igi rí, wà lára àwọn tí ó kọ́ ọ níbẹ̀. Ní 2017 ó borí gbogbo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Amẹ́ríkà nínú eré yìí, ní 2018 ó sì gba wúrà àwọn orílẹ̀-èdè Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì ní Ọsirélíà.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀nà náà tẹ́jú. Ní Doha ní 2019, ipò kẹrin ni ó ṣe. Ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá ni ó fi pàdánù àmì-ẹ̀yẹ. Ní ìdíje Òlíḿpíìkì ní Tokyo ní 2021, ipò kẹrin tún ni. Níbẹ̀ náà ni a ti yọ àwọn eléré Nàìjíríà 10 kúrò nínú ìdíje, nítorí pé a kò ṣe àyẹ̀wò oògùn tó yẹ fún wọn kí wọ́n tó lọ. Iṣẹ́ àwọn àgbà ni àyẹ̀wò yẹn. Àwọn ọmọ ni ó jìyà rẹ̀.

Ní ọjọ́ 24 oṣù keje ọdún 2022, ní Eugene ní Amẹ́ríkà, Tóbi fi ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 sá eré tí ó ṣáájú àṣekágbá. Láti 2016 ni 12.20 ti Kendra Harrison, ọmọ Amẹ́ríkà, ti jẹ́ èyí tí ó yá jù láyé. Michael Johnson, ògbólógbòó eléré Amẹ́ríkà, kọ ọ́ síta pé òun kò gbà pé àkókò tí wọ́n kà fún àwọn eléré náà tọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn wa ni ó bínú. Tóbi kò fi ẹnu dáhùn. Ní ọjọ́ kan náà, ó tún sá àṣekágbá ní 12.06. Afẹ́fẹ́ fẹ́ ju bí òfin ti gbà lọ, nítorí náà a kò ka 12.06 sí àkọsílẹ̀ ayé, ṣùgbọ́n wúrà di tirẹ̀, wọ́n sì fọwọ́ sí 12.12. Kò tíì sí ọmọ Nàìjíríà kankan tí ó gba wúrà rí nínú ìdíje àgbáyé yìí ṣáájú rẹ̀.

Ẹ̀sùn tún dé ní 2023, pé ó pàdánù àyẹ̀wò oògùn ní ìgbà mẹ́ta. Ìgbìmọ̀ dá a láre. Nígbà tí wọ́n pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, ó tún jàre ní 2024. Ní Paris lọ́dún náà kò dé àṣekágbá. Síbẹ̀ ó padà wá ní 2025, ó sì gba fàdákà àgbáyé ní Tokyo.

Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́! Nígbà tí wúrà dé, ìjọba pàtẹ́wọ́, àwọn ìlú ńlá pàtẹ́wọ́, àwa náà pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ náà wà ní ilé-ìwé Our Lady of Apostles ní Ìjẹ̀bú-Òde, ènìyàn mélòó ni ó mọ̀ ọ́n? Ìyá kan mọ̀ ọ́n. Àwọn olùkọ́ni eré mọ̀ ọ́n. Àwọn wọ̀nyí ni ó ṣe iṣẹ́ náà, àwa yòókù sì wá jẹ níbẹ̀.

Ẹnìkan lè wí pé, nínú ẹgbẹ̀rún ọmọ, ẹyọ kan kò ní di Tóbi. Òótọ́ ni. Nínú ẹgbẹ̀rún ọmọ tí a rán lọ sí ilé-ìwé, mélòó ni ó di ọ̀jọ̀gbọ́n? A kò torí bẹ́ẹ̀ ti ilé-ìwé pa. Ọmọ tí ó bá sáré tí kò gba wúrà yóò ti ní ara líle, yóò sì ti kọ́ bí a ti ń ṣubú tí a sì ń dìde.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń béèrè. Kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wa, láti Ìkọ̀lé dé Ọ̀yẹ́, dé Ìdó-Òsì, má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pápá ilé-ìwé di ilẹ̀ ìkọ́lé tàbí oko ẹ̀gẹ́. Kí àwọn ọ̀gá ilé-ìwé pa ìdíje eré àárín ilé-ìwé mọ́ lọ́dọọdún, kí wọ́n sì fi àwọn ọmọbìnrin sí i bí wọ́n ti ń fi ọkùnrin sí i. Ẹ̀kẹta di ọwọ́ ẹ̀yin òbí. Bí ọmọbìnrin yín bá ti pápá dé lálẹ́ òní pẹ̀lú eruku lẹ́sẹ̀, ẹ má ṣe kọ́kọ́ bá a wí. Ẹ bi í léèrè ipò tí ó ṣe.