Ọ̀rọ̀ Wo La Fi Ń Kọ́ Ìtàn?

Lọ́jọ́ Sátidé, mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní ìtàn ní Victoria Garden City. Wọ́n ti há ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ sórí bí ẹni há orin. Wọ́n ní ìjọba ọba ni èyí tí ẹnì kan ń dá pàṣẹ. Mo bi wọ́n pé, ta ló lè ká Aláàfin lọ́wọ́ kò? Kẹ́kẹ́ pa.

Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n: Ọ̀yọ́ Mèsì ni, ìjòyè méje tí Baṣọ̀run jẹ́ olórí wọn. Ọba tí wọ́n bá kọ̀, ikú ló kàn. (Baṣọ̀run Gáà lo agbára yìí ní ìlòkulò, títí Aláàfin Abíọ́dún fi ṣẹ́gun rẹ̀ ní 1774.) Ṣé dídá pàṣẹ nìyẹn?

Ti ẹ̀sìn ló dùn mí jù. Nínú Bíbélì Yorùbá tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀, Èṣù ni wọ́n pe ọ̀tá Ọlọ́run. Òjíṣẹ́ ni Èṣù tí babaláwo mọ̀. Òun ló ń gbé ẹbọ dé ọ̀run, ojú rẹ̀ ló sì wà lára ọpọ́n Ifá. Ọmọ kan ní òun ò gbọdọ̀ ka orúkọ náà síta. Báwo ni yóò ṣe kọ́ ẹ̀sìn àwọn baba ńlá rẹ̀?

Mi ò ní kí a tún Bíbélì kọ o. Kí ẹ̀ka wa ṣe ìwé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kékeré kan fún ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jáde, tẹ́ ẹ ń ṣe tíṣà, ọ̀rọ̀ wo ló ń dà yín láàmú ní kíláàsì? Ẹ fi ránṣẹ́ sí wa.