Òkun Kì í Hó Ruru Ká Wà á Ruru

Bí mo bá dá ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi sílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń fi mí rín. "Ṣé òkun wà ní Lagere ni?" Ẹ rọra, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìtàn tiwa gan-an ló sọ pé omi ló bo ilé ayé kí adìẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún tó tan iyẹ̀pẹ̀ ká. Omi la kọ́kọ́ bá nílé. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ la ti gbàgbé.

Mo wọ ọkọ̀ ojú omi ní Igbókòdà, nílẹ̀ Ìlàjẹ, lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn. Ọkọ̀ ti kún, ọkùnrin kan tún fẹ́ wọlé pẹ̀lú àpò gàrí méjì. Ó bẹ̀bẹ̀, ó fowó lé owó, àwa èrò náà sì bá a bẹ̀: "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kó wọlé, Ọlọ́run á ṣọ́ wa." Awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì. Ó ní, "Ọlọ́run ti ń ṣọ́ yín, òun ló ní kí n má gbé e." Kò gbéra títí ọkùnrin yẹn fi sọ̀ kalẹ̀. A bú u dáadáa. Lónìí, èmi ni mo ń tọrọ àforíjì.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, àwọn èèyàn tó ń ti ibi ìgbéyàwó bọ̀ wọ ọkọ̀ lóru lórí Odò Ọya, lágbègbè Pàtígi, ní ìpínlẹ̀ Kwara. Èrò ti pọ̀ jù. Ọkọ̀ dà wọ́n sómi. Àwọn tó kú lé ní 100. Kí la wí? "Àmúwá Ọlọ́run ni."

Èmi ò gbà. Kí ọkọ̀ gbé ju agbára ẹ̀ lọ, àmúwá tiwa nìyẹn. Ẹ wo Ifẹ̀ níbí: èrò méjì níwájú mọ́tò, mẹ́rin lẹ́yìn, ọ̀kadà kan, ọmọ iléèwé mẹ́ta. Ẹni tó bá ráhùn, wọ́n á ní, "Sọ̀ kalẹ̀, kó o lọ ra tìẹ."

Ẹ máa ní ìṣẹ́ ló fà á, pé epo ti wọ́n. Mo mọ̀, èmi náà ń wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ta lomi ń gbé lọ? Tálákà ni. Olówó ní mọ́tò tiẹ̀. Àwa gan-an ló yẹ ká máa ka orí ara wa, ká sì máa bi ìjọba léèrè láìfù-jákẹ́ẹ̀tì àti ẹni tó máa ka èrò ní èbúté kí ọkọ̀ tó ṣí.

Wọ́n ní omi ò lọ́tàá. Òótọ́ ni, àmọ́ kò lọ́rẹ̀ẹ́ náà. Kì í béèrè bóyá o gbàdúrà kó o tó jáde. Bí ẹrù bá ti wúwo jù, ó parí.

Lọ́la, bí ẹ bá dé gáréèjì, tí wọ́n ní, "Ẹ bá wa sún díẹ̀," ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sún.