Ta ló ń ka ojú ìwọ̀n fún bàbá oníkòkó?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, Ọ̀wẹnà ni mo ti rí i, nílẹ̀ Ìdànrè, ní ìpínlẹ̀ Òǹdó, níbi tí kòkó ti pọ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní. Iṣẹ́ ìwé ìròyìn kọ́ ló gbé mi débẹ̀ o. Òkú ìyá ọ̀rẹ́ mi kan la lọ sin. Nígbà tó ku ọ̀la ká padà, mo ní kí n na ẹsẹ̀ díẹ̀, ni mo bá yà sí ìdí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ra kòkó.

Bàbá kan gbé àpò mẹ́ta wá. Bàbá yìí á ju ọgọ́ta ọdún lọ dáadáa, ọwọ́ rẹ̀ le bí igi. Ọmọkùnrin tó wà nídìí ìwọ̀n gbé àpò àkọ́kọ́ kọ́, ó ní, "Bàbá, 58," ó sì kọ ọ́ sínú ìwé. Bàbá ní, "Ó dáa, ọmọ mi." Èmi tí mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo rí i pé orí 61 ni ọwọ́ ìwọ̀n wà. Mo kọ́kọ́ rò pé ojú mi ló ń ṣe mí. Ó gbé èkejì kọ́, ọwọ́ ìwọ̀n lọ sí 63, ọmọ yìí pè é ní 60. Ẹ̀kẹta náà, ohun kan náà ni. Ara mi ò gbà á mọ́. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé ibi tí ọwọ́ ìwọ̀n dúró sí lẹ pè yẹn?" Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní kòkó bàbá kò tíì gbẹ, omi inú rẹ̀ lòun yọ kúrò.

Ó lè jẹ́ òótọ́ o. Kòkó tó gbẹ dáadáa, omi inú rẹ̀ kì í ju nǹkan bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ẹni tó bá sì gbé tútù wá, wọ́n máa ń yọ díẹ̀ nínú kílò rẹ̀. Irinṣẹ́ kékeré kan wà tí wọ́n fi ń wọn omi yẹn. Ọmọ yìí kò mú un jáde, ọwọ́ lásán ló fi pa kòkó náà wò. Ká tiẹ̀ ní kò purọ́, ta ló sọ fún bàbá pé wọ́n yọ nǹkan? Kò mọ 61, kò mọ 58. Wọ́n gbé ìwé síwájú rẹ̀, ó tẹ̀ka.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ yìí. Ká ní kílò kan jẹ́ N5,000, mo kàn fi ṣe àpẹẹrẹ ni. Kílò mẹ́ta lórí àpò kan, àpò mẹ́ta, kílò mẹ́sàn-án nìyẹn. N45,000 ti wọlé lọ kí bàbá tó gba kọ́bọ̀. Àpò kan tó pé jẹ́ kílò 62 ààbọ̀, mẹ́rìndínlógún rẹ̀ ló ń di tọ́ọ̀nù kan. Ẹni tí wọ́n bá yọ mẹ́ta mẹ́ta lórí àpò mẹ́rìndínlógún, kílò 48 ló ti lọ, N240,000. Owó ilé ìwé ọmọ ni o.

Mo bi bàbá pé, "Bàbá, ẹ ò rí ohun tó wà lójú ìwọ̀n yẹn ni?" Ó ní, "Mo rí i, ọmọ mi. Kò kàn bá mi sọ̀rọ̀ ni."

Ẹ má wá pe bàbá yìí ní òpè o. Níbi tá a jókòó sí, ó ń ṣírò owó àwọn alágbàṣe mẹ́ta tó ṣán oko fún un, ó yọ èyí tí wọ́n ti gbà tẹ́lẹ̀, ó yọ owó oúnjẹ, gbogbo rẹ̀ lórí ahọ́n. Èmi tí mo jáde ní póli, fóònù ni mo yọ, bàbá sì ti parí kí n tó rí ibi tí wọ́n ti ń tẹ ìṣirò. Kí ló wá yà yín lẹ́nu níbẹ̀? Ẹni tó ń pe 45 ní márùndínláàádọ́ta, ṣé kì í ṣe pé ó ti ń yọ márùn-ún kúrò nínú àádọ́ta láti kékeré? Ìṣirò wà lẹ́nu àwọn àgbà wa. Àmì rẹ̀ lórí ìwé ni wọn ò mọ̀.

Láyé ìgbà tí bọ́ọ̀dù ìjọba ń ra kòkó, iye tí ìjọba bá kéde ni wọ́n ń rà á. Wọ́n fòpin sí bọ́ọ̀dù náà ní 1986, látìgbà náà lọ, ìwọ àtẹni tó bá gbé owó wá ni. Owó yẹn kì í sì í ṣe kékeré mọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan ju ẹgbẹ̀rún méjìlá dọ́là lọ lọ́jà àgbáyé. Bí owó bá ṣe ń gorí, bẹ́ẹ̀ náà ni kílò tí èèyàn ò rí ń dun èèyàn sí i.

Ìjọba kò ṣàì gbìyànjú. Oṣù Kìíní ọdún 1955 ni Awólọ́wọ̀ àtàwọn èèyàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn, ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n bí sábà oko tó jìnnà, ta ló fẹ́ gbé e dé ilé ìwé? Ní 1982, ìjọba àpapọ̀ ní láàárín ọdún mẹ́wàá, àwọn á pa àìmọ̀wé rẹ́. Wọ́n tún dá àjọ kan sílẹ̀ fún un ní 1990. A sì ṣì ń tẹ̀ka.

Mo ti jókòó ní kíláàsì ẹ̀kọ́ àgbà kan rí, mi ò ní í dárúkọ ibẹ̀. Tíṣà ń kọ́ àwọn ìyá tó ń ta ẹja ní A, B, D, bí ẹni ń kọ́ ọmọ jẹ́léósinmi. Lọ́sẹ̀ kẹta, ìyá méjì péré ló kù, ọ̀kan ń sùn. Ẹ̀bi ta ni? Lójú tèmi, ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn kò bá wọn délé ni.

Àwọn ará Mali ti rí ọgbọ́n kan dá sí i. Ní nǹkan bí ọdún 1974, àwọn àgbẹ̀ olówùú ní gúúsù ilẹ̀ yẹn fárígá pé wọ́n ń rẹ́ àwọn jẹ nídìí ìwọ̀n. Wọ́n ní àwọn fúnra àwọn ni kó máa wọn òwú àwọn lábúlé. Ilé iṣẹ́ tó ń ra òwú gbà. Ó ku ẹni tó lè kà á! Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ kíláàsì ní èdè Bámbárà. Kí wọ́n ka ìwọ̀n, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, kí wọ́n ṣírò owó oníkálukú, ohun tí wọ́n kọ́ wọn nìyẹn. Owó tí ilé iṣẹ́ náà ń san fún abúlé nítorí iṣẹ́ ìwọ̀n yìí, wọ́n fi gbẹ́ kànga, wọ́n fi kọ́ ilé ìwé.

Kí ló dé tí irú ẹ̀ ò lè wáyé l'Ọ̀wẹnà? Ibùdó Ìwádìí Kòkó tó wà n'Íbàdàn ní ẹ̀ka níbẹ̀, àwọn tó mọ kòkó kò jìnnà. Kí wọ́n fi nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀, láti 0 dé 100, kí ìwọ̀n gidi wà níwájú kíláàsì. Kí rìsíìtì tẹ̀ lé e. Kí wọ́n má sì gbé e sí àárín oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kìíní tí kòkó ń jáde, torí wọn ò ní í rí ẹnì kankan.

Àwọn ọ̀dọ́ náà ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Alágbàṣe kan tó ka ìwé dé JSS 3 fi sáṣẹ́ẹ̀tì oògùn tí wọ́n ń fín sí kòkó hàn mí. Wọ́n kọ ọ́ sí i pé gíráàmù 50 fún omi líta 15. Mo ní tó bá jẹ́ líta 30 ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ojú lòun fi ń wọ̀n ọ́n. Ọmọ yìí ló sọ fún mi pé òun ń wá iṣẹ́ akọ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù kòkó.

Kí n tó kúrò, bàbá ní kí n kọ 62 ààbọ̀ fún òun. Mo kọ ọ́ sára páálí kan. Ó wò ó títí. "Èyí tó tẹ̀ bí ìwọ̀ yìí ńkọ́?" Mo ní, "6 ni, bàbá." "Ẹni tó kúnlẹ̀ yìí?" Mo ní 2 ni. Ó ká páálí náà, ó fi sínú fìlà rẹ̀, ó ní àpò méjì ṣì ń bẹ nílé tóun fẹ́ gbé wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.