Ǹjẹ́ Àfojúdi Ni Kí Ọmọdé Tọ́ka sí Àṣìṣe Àgbà?

Ìsọmọlórúkọ kan ni ó gbé mi dé Ẹ̀pẹ́ ní ọjọ́ Sátidé kan láìpẹ́ yìí. Bí a ti ń jẹun lọ́wọ́ ni tẹlifóònù ọmọkùnrin kan dún. Ìkòròdú ni ọmọ náà ń gbé, iṣẹ́ kíkọ ètò kọ̀ǹpútà ni ó sì ń ṣe fún iléeṣẹ́ ńlá kan tí olú rẹ̀ wà ní òkè òkun. Ẹni tí ó pè é ti hu ewú. Gbogbo wa ni a rí i lójú ẹ̀rọ. Orúkọ ni ọmọ yìí fi ń pè é ṣánṣán! Kò sì tán síbẹ̀. Ó ń sọ fún àgbàlagbà náà pé ibì kan kù díẹ̀ káàtó nínú iṣẹ́ tí ó ṣe lánàá, àti pé òun kò lè fi ọwọ́ sí i.

Bàbá ọmọ náà, apẹja tí ó ti pẹ́ lórí ọ̀sà, gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó láti mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó gbé òkèlè sílẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀yin Tíṣà wa, ṣé ẹ rí ohun tí ìwé sọ ọmọ dà?”

N kò lè fèsì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ilé kan ṣoṣo mọ́. Àwọn ọmọ wa ti wọ inú iṣẹ́ yìí lọ́pọ̀ yanturu. Ní ọdún 2019 ni Microsoft ṣí ibùdó fún irú iṣẹ́ yìí ní Èkó àti ní Nairobi. Ní ọdún 2020 ni iléeṣẹ́ Stripe ti Amẹ́ríkà ra Paystack, èyí tí àwọn ọmọ Nàìjíríà dá sílẹ̀ ní ọdún 2015. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí ni ó fi Ìkòròdú ṣe ilé nítorí owó ilé tí kò ga tó ti Yaba tàbí Lẹ́kí. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni àwọn kan ti tò síbi bọ́ọ̀sì BRT. Àwọn mìíràn a wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìpakòdò. Àwọn kan kì í sì kúrò nílé rárá.

Ọ̀pọ̀ òbí ni ó rò pé ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ yìí a máa dá jókòó, a sì máa dá àrà tí ó bá wù ú. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní iléeṣẹ́ ńlá. Àwọ̀n kan ṣoṣo tí ó fẹ̀ bí ọ̀sà ni gbogbo wọn jọ ń hun, ìwọ̀nba ojú díẹ̀ ni ó sì kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Púpọ̀ nínú iṣẹ́ wọn kì í tilẹ̀ ṣe híhun tuntun. Ojú tí ó ti ya ni wọ́n ń tún ṣe, èyí tí ẹni tí ó hun ún ti lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ láti ọjọ́ pípẹ́, tí kò sì sọ ìdí tí ó fi ta kókó rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ yìí lè fi ọjọ́ mẹ́ta ka iṣẹ́ oníṣẹ́ kí ó tó fi ọwọ́ kan ìlà kan péré. Bí ojú kan bá sì já lóru, wọn yóò jí ẹni tí ìṣọ́ kàn.

Ojú kan tí ó já kì í ṣe ohun kékeré. Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2024, iléeṣẹ́ CrowdStrike ti Amẹ́ríkà, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ dídáàbò bo kọ̀ǹpútà, fi àtúnṣe kékeré kan ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà rẹ̀. Àṣìṣe wà nínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí iye wọn tó mílíọ̀nù 8.5 ni ó dákú káàkiri ayé. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfuurufú kò lè gbéra. Àwọn ilé ìwòsàn kan sún iṣẹ́ abẹ síwájú.

Èyí ni ó fà á tí irú àwọn iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fi ṣe é ní òfin pé ojú ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ kan iṣẹ́ kí ó tó wọ inú àwọ̀n. Bí wọ́n ti ń ṣe é ní Google nìyẹn. Òfin yìí kò sì wo ọjọ́ orí.

Ibẹ̀ gan-an ni ìdààmú àwọn ọmọ wa wà. Ọmọbìnrin kan ní Ìkòròdú sọ fún mi pé òun rí àṣìṣe nínú iṣẹ́ ọ̀gá òun rí, ṣùgbọ́n ojú ń ti òun. Ó kọ “Ó dára” sí i. Lóru ọjọ́ kejì, owó àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síbi tí kò yẹ, òun àti ọ̀gá náà sì jọ jókòó tì í títí ilẹ̀ fi mọ́. Ó ní òun kò tí ì sọ fún ọ̀gá náà títí di òní pé òun ti rí i tẹ́lẹ̀.

Ta ni ó kọ́ ọmọ yìí ní irú ìtìjú bẹ́ẹ̀? A máa ń di ẹ̀bi náà ru àṣà, n kò sì gbà. Yorùbá kò sọ pé kí ọmọdé má sọ̀rọ̀. Bí yóò ti sọ ọ́ ni ó là sílẹ̀. Kí ni “tótó, ó ṣe bí òwe” wà fún? Ọmọdé a kọ́kọ́ júbà, a pa òwe rẹ̀, àgbà a sì dá a lóhùn pé, “Wàá pa òmíràn.” Níbi tí àwọn babaláwo bá sì ti péjọ tí wọ́n ń ki Ifá, bí ẹnì kan bá ṣi ẹsẹ̀ kan kì, ṣé nítorí pé ó dàgbà ni àwọn yòókù yóò fi gbé e mì? Wọn yóò dá a dúró ni, nítorí pé ẹsẹ̀ Ifá kì í ṣe ti ẹnì kan. Ogún gbogbo ẹgbẹ́ ni.

Ní ti orúkọ pípè, èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ní “ẹ” àti “ẹ̀yin” tí a fi ń bu ọlá fún ẹnì kan ṣoṣo, àṣà iléeṣẹ́ náà sì ni kí wọ́n máa pe ara wọn lórúkọ. N kò rí èébú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbé e wálé, tí ó fi ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ìyẹn nílò àtúnkọ́. Àwọn ọ̀gá kan sì wà ní Èkó níhìn-ín tí wọn kì í fẹ́ gbọ́ ju “sà” lọ. Bí o bá fi ìdọ̀bálẹ̀ sọ àṣìṣe wọn, wọn yóò ní o rí wọn fín. Àwọn wọ̀nyí ni mo bínú sí jù, nítorí pé wọ́n ń gba ìkíni àgbà, wọn kò sì mọ ìdáhùn “wàá pa òmíràn.”

Mo wí díẹ̀ nínú èyí fún bàbá náà. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀.

“Ọkùnrin náà ńkọ́? Kí ni ó wí?”

“Ó dúpẹ́, Bàámi. Ó ti ń tún un ṣe.”

“Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ kẹ̀?” Bàbá mú òkèlè rẹ̀. “Ṣé o kúkú ṣe é ní pẹ̀lẹ́?”