Àtúnyẹ̀wò Kì í Ṣe Ìdálẹ́bi

Ọ̀rọ̀ kan tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn wa ni "àtúnyẹ̀wò". Ṣùgbọ́n a ṣàkíyèsí pé bí ẹlòmíràn bá wí pé òun fẹ́ tún yẹ ohun kan wò, ó ti pinnu ná láti wó o palẹ̀. Èyí kò tọ́. Ẹni tí ó ń yẹ nǹkan wò kò tíì dájọ́. "Tún" tí a fi ṣáájú sì ń rán wa létí pé ẹnìkan ti yẹ̀ ẹ́ wò ṣáájú wa, ẹni náà kì í sì í ṣe òmùgọ̀.

Ẹ wo àkọtọ́ èdè wa. Ní 1875 ni àwọn àgbà ìjọ C.M.S. ṣe ìpàdé lé e lórí ní Èkó. Ní 1966, ìgbìmọ̀ kan tún yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, a sì fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun ní 1974. "Aiye" di "ayé", "enia" di "ènìyàn"; ṣùgbọ́n àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ kò yẹ̀, nítorí ó wúlò síbẹ̀.

Nítorí náà, olùkọ́ tí ń fi ìwé àtijọ́ ṣẹ̀sín, àti àgbà tí kò fẹ́ rí àkọtọ́ tuntun sójú, kò sí ẹni tí ó yẹ ohunkóhun wò nínú wọn. Ọgbọ́n ọdún ni, wèrè ẹ̀míràn: àwọn ọmọ wa yóò tún yẹ iṣẹ́ tiwa náà wò. Ẹ jẹ́ kí a fi ìdájọ́ òdodo kọ́ wọn.