Kókó Ọ̀rá Abẹ́ Awọ: Ṣé Àjogúnbá Ni?

Ọmọbìnrin kan kọ̀wé sí mi. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ní kókó mẹ́ta lápá. Ti bàbá ọkùnrin náà pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá ọmọbìnrin yìí ti fárígá, ó ní ẹ̀tẹ̀ ni, òun kò ní í fi ọmọ fún wọn. Ọmọ wá ń bi mí pé kí ni kí òun ṣe.

Ọmọ mi, n kò fojú mi rí kókó náà. Dókítà ni yóò sọ ohun tó jẹ́ gan-an. Ṣùgbọ́n bí ó bá rọ̀ bí ìyẹ̀fun búrẹ́dì tí a pò, tí a fìka tì í tí ó ń yẹ̀ lábẹ́ awọ, tí kì í sì í dùn ún, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kókó ọ̀rá lásán, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní lipoma. Kì í ṣe ẹ̀tẹ̀, kì í ṣe jẹjẹrẹ, kì í sì í ran ẹlòmíràn. Ẹ̀tẹ̀ gan-an, oògùn rẹ̀ wà lóde òní.

Níbo ló ti ń wá? Àwọn kan a ní àsasí ni. Àwọn mìíràn a ní ọ̀rá ẹran ló pọ̀ jù lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbálẹ̀ náà ń ní in. Àṣẹ tó ń darí ara wa wà lórí okùn tín-ín-tín 46: 23 láti ọ̀dọ̀ bàbá, 23 láti ọ̀dọ̀ ìyá. Lórí okùn kejìlá ni àṣẹ kan wà tó ń jẹ́ HMGA2. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú ọlẹ̀ dàgbà nínú ìyá. Bí èèyàn bá dàgbà tán, a dákẹ́. Ní 1995 ni àwọn onímọ̀ rí i pé nínú ọ̀pọ̀ kókó ọ̀rá, ibi tí àṣẹ yìí wà ni okùn náà ti já, ó sì ti lọ so mọ́ òmíràn. Àṣẹ tó ti sùn bá jí, ọ̀rá ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbèrú. Inú kókó nìkan ni jíjá yìí máa ń wà, nítorí náà ẹni tó ní ẹyọ kan kì í sábà fi í lé ọmọ lọ́wọ́.

Ti ìdílé tún wà. Bí bàbá bá ní púpọ̀, tí ọmọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ní in, ó lè jẹ́ àjogúnbá. Ní ọ̀pọ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀, ó dà bí ẹni ju kọ́bọ̀ sókè lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan: ó lè kàn án, ó lè má kàn án. N kò ní í parọ́ fún ọ, àwọn ọmọ rẹ lè ní in. Ṣùgbọ́n kókó lára kì í ṣe àbùkù ìwà, kì í sì í dá ẹ̀mí légbodò. Kí ẹ jọ lọ rí dókítà, kí o mú ìyá rẹ dání, kí wọ́n fi etí ara wọn gbọ́.

Ẹ̀yin yòókù tó ní irú rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ là á nílé, ẹ má sì fi oògùn ajóni pa á. Bí kò bá ni yín lára, ẹ lè fi í sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́, dókítà yóò fi abẹ́rẹ́ pa ibẹ̀ kú, yóò sì yọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń yára dàgbà, bí ó bá le, bí ó bá ń dùn yín, tàbí bí ó bá ju íǹṣì 2 lọ, ẹ má fi falẹ̀ rárá. Jẹjẹrẹ ọ̀rá wà, ó sì lè fara jọ kókó lásán.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.