Ìhanrun Kì í Ṣe Oorun Ayọ̀: Ọ̀rọ̀ sí Gbogbo Ẹni tí Bàbá tàbí Ìyá Rẹ̀ Ń Wúkọ́

Mo tún gbọ́ ọ níbi ìkómọ kan láìpẹ́ yìí, lẹ́nu ẹni tó kàwé, tó yẹ kó mọ̀. Bàbá àgbàlagbà kan ti sùn lọ sórí àga, wọ́n ń hanrun débi pé ariwo orin kò bò ó mọ́lẹ̀. Obìnrin náà ní, "Ẹ má jí wọn o. Ẹ ò gbọ́ bí oorun ṣe ń dùn mọ́ wọn?" Gbogbo ìjókòó sì mi orí. Bàbá yìí ti ń wúkọ́ láti ọdún pípẹ́. Ẹsẹ̀ wọn wú. Wọn kì í gun àtẹ̀gùn ilé ara wọn tán kí wọ́n má dúró mí lágbedeméjì. Ṣùgbọ́n torí pé wọ́n ń hanrun, ara wọn le nìyẹn!

Ó tó gẹ́ẹ́. Ìgbàgbọ́ tí mo ń bá jà kò ju èyí lọ: pé ẹni tó bá ń hanrun, oorun rẹ̀ wọra, ara rẹ̀ sì balẹ̀. Mo gbà pé ẹni tí iṣẹ́ ọjọ́ ti pa kú lè hanrun mọ́jú, kó sì jí láìsí wàhálà. Ibi tí mo lè bá wọn dé nìyẹn. Ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti bàjẹ́ ni ọ̀rọ̀ mi kàn, irú wọn sì pọ̀ láàárín wa: ìyá tó ti ń yan ẹja nínú èéfín ní Mákòókò láti ìgbà ọmọge, ìyá tó ń yan gaàrí nínú àgọ́ tí kò ní fèrèsé, bàbá tó ti ń fa sìgá kó tó gbéyàwó, àti ẹni tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ti ṣe rí, tó lo oògùn tán, tí kòkòrò kú, tí àpá rẹ̀ sì kù sínú ẹ̀dọ̀fóró. Èyí tí èéfín àti sìgá ń dá sílẹ̀, COPD ni àwọn dókítà ń pè é. Ọ̀nà tí èémí ń gbà á há, afẹ́fẹ́ á wọlé, jíjáde rẹ̀ á di ìṣòro.

Ẹ gbé àga ti ibùsùn irú ẹni bẹ́ẹ̀ lóru, kí ẹ wá wo oorun dídùn tí ẹ ń wí. Ìhanrun á máa lọ sókè sódò. Lójijì, á dákẹ́. Ẹni tó wà ní yàrá kejì á rò pé bàbá ti wá sùn dáadáa báyìí. Ẹ wo àyà wọn: ó ń jà, ikùn ń fà wọlé, ọrùn ń nà. Ẹ wá gbé àtẹ́lẹwọ́ síwájú imú wọn, atẹ́gùn kankan ò ní kàn yín lọ́wọ́. Ọ̀fun ti dí. Bó bá dí fún ìṣẹ́jú àáyá 10, àwọn dókítà ti kà á sí ìdúró èémí kan. Ti ẹlòmíràn ń kọjá 30. Lẹ́yìn náà ni ariwo ńlá á sọ, bàbá á mí kanlẹ̀, wọ́n á yí ẹ̀gbẹ́ padà, ìhanrun á tún bẹ̀rẹ̀. Sleep apnoea ni wọ́n ń pè é. Nígbà tó bá le, ó ń ṣẹlẹ̀ ní ìgbà 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín wákàtí kan ṣoṣo. Ariwo tí ẹ ń pè ní ayọ̀, afẹ́fẹ́ tí kò rọ́nà kọjá nínú ọ̀fun tó ń há ló ń pa á.

Ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ pé ṣì lè fara dà á fún ìgbà díẹ̀. Ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè tó 97 nínú 100 nígbà tó lajú, ó sì ní ibi tó ti lè wálẹ̀ kó tó kan ewu. Ẹni tí COPD ń dà láàmú lè ti wà ní 91 kó tó fi orí lé ìrọ̀rí. Ẹni tó ní owó nípamọ́ lè pàdánù owó oṣù kan kí ilé rẹ̀ má dàrú. Ẹni tó ń fi owó òní jẹun òní, ọjọ́ kan tí kò bá rí owó, ebi dé nìyẹn. Bí ọ́síjìn bá sì ti kọjá 90 lọ sísàlẹ̀, kì í rọra lọ mọ́, wíwálẹ̀ rẹ̀ a máa yá kánkán.

Síbẹ̀, ibi tó burú jù ṣì kù, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà. Ẹni tó ní COPD kì í fi iṣan kan ṣoṣo mí. Ẹ wò wọ́n lójú mọmọ: iṣan ọrùn wọn ń le, èjìká ń gòkè, ẹran àárín ìhà ń fà. Gbogbo wọn ló ń ran iṣan ńlá tó pààlà àyà àti ikùn lọ́wọ́, nítorí afẹ́fẹ́ tó há sínú ẹ̀dọ̀fóró ti tẹ iṣan yẹn pẹrẹsẹ, agbára rẹ̀ ti dín kù. Nígbà tí oorun bá wá dé ibi tí èèyàn ti ń lá àlá, ọ̀pọ̀ iṣan ara a máa rọ. Ti ọrùn á rọ, ti ìhà á rọ, àwọn olùrànlọ́wọ́ á ká ọwọ́ kúrò, á wá ku iṣan tí kò lágbára yẹn nìkan. Èémí á kéré, ọ́síjìn á wálẹ̀, afẹ́fẹ́ burúkú tó yẹ kí èèyàn mí síta á máa kó jọ sínú ẹ̀jẹ̀. Èyí lè ṣẹlẹ̀ kódà bí ọ̀fun kò bá dí rárá. Ìdájí sì ni oorun àlá máa ń gùn jù, nígbà tí gbogbo ilé ti sùn fọnfọn, tí kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ wọn.

Ilẹ̀ á mọ́, bàbá á ní orí ń fọ́ àwọn. A ní ibà ni, a ra oògùn ibà. Ọ̀sẹ̀ kejì, orí tún ń fọ́ láàárọ̀, a tún ra oògùn ibà. Ìyá ń tòògbé nídìí ọjà, owó ń bọ́ lọ́wọ́ wọn níbi tí wọ́n ti ń kà á, a ní ọjọ́ ogbó ti dé. Ẹsẹ̀ ń wú, a ní wọ́n tẹ nǹkan burúkú lójú ọ̀nà. Ohun tí wọ́n tẹ̀ dà? Àìrí ọ́síjìn tó, òru lẹ́yìn òru, ló ń mú kí òpó ẹ̀jẹ̀ inú ẹ̀dọ̀fóró fún, tí apá ọ̀tún ọkàn ń fi tipátipá ti ẹ̀jẹ̀ kọjá níbẹ̀ títí agbára rẹ̀ fi tán, tí omi sì dà sí ẹsẹ̀. Ta ló kọ́ wa pé kí á máa wo gbogbo èyí, kí á sì máa sọ pé oorun ń dùn mọ́ wọn?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Láti 1985 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n David Flenley ní Edinburgh ti kọ̀wé nípa àwọn tí COPD àti sleep apnoea pàdé lára wọn. Ní 2010, ìwádìí tí àwọn dókítà ṣe ní Sípéènì fi hàn pé àwọn tó ní méjèèjì tí wọn kò sì tọ́jú ti oorun ń kú ju àwọn tó ní COPD nìkan lọ. Àwọn tó ní méjèèjì tí wọ́n ń lo ẹ̀rọ CPAP lóru kò kú ju àwọn tó ní COPD nìkan lọ. Ẹ̀rọ yìí ń fẹ́ atẹ́gùn gba imú kí ọ̀fun má bàa dí. Colin Sullivan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ọsirélíà ló fi í han aráyé ní 1981.

Wọ́n ní ogun òru ló ń fún wọn lọ́rùn: ogun tí ẹ̀rọ atẹ́gùn lè ṣẹ́, inú ọ̀fun ló wà. Wọ́n ní ọjọ́ orí ni: ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ń sùn tí èémí wọn kì í dúró bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó sanra nìkan ló ń ṣe: irọ́ ni, ẹni tó gbẹ bí igi náà ń lá àlá, iṣan rẹ̀ náà sì ń rọ.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ti àwọn ọmọ tó ń ra Valium ní kẹ́míìsì láìsí ìwé dókítà, "kí bàbá lè rí oorun sùn," àti ti àwọn ọ̀rẹ́ tó ń bu ògógóró fún wọn lálaalẹ́. Ọtí àti irú oògùn bẹ́ẹ̀ ń mú kí ọ̀fun rọ sí i, wọn kì í sì í jẹ́ kí ọpọlọ tètè ta jí nígbà tí èémí bá dúró. Jíjí yẹn ló ń gba bàbá yín là lóru, òun lẹ sì ń gbà lọ́wọ́ wọn! Ẹ̀yin tó wà lókè òkun, ẹ má kàn fi owó sílíńdà ọ́síjìn ránṣẹ́. Bí dókítà kò bá díwọ̀n rẹ̀, ó lè mú kí afẹ́fẹ́ burúkú pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ wọn.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe kò fara sin. Ẹ fi fóònù ya fídíò wọn lójú oorun, kí ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà àyà, ní UCH Ìbàdàn, ní LUTH, tàbí níbi tó bá sún mọ́ yín. Ẹ ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ yẹ èémí wọn wò, kí wọ́n sì wo ọ́síjìn wọn lóru. Kí sìgá dópin. Kí ìyá kúrò nínú èéfín. Kí ẹnikẹ́ni má gbé jẹnẹrétọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé wọn. Bí dókítà bá ní kí wọ́n lo CPAP, tí iná ìjọba kò sì ṣeé gbọ́kàn lé, ẹbí tó ń dá owó aṣọ ẹbí lè dá owó bátìrì àti ínfátà.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀yin aya, ẹ̀yin ọkọ: àgbàlagbà tó ń wúkọ́, tó ń hanrun, tó sì ń dákẹ́ lójijì, àìsàn ló ń ṣe wọ́n. Ẹ má sọ pé kí á jẹ́ kí wọ́n sùn. Ẹ mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn lọ́sẹ̀ yìí.